Kí Ẹ Tó Wọ Ihò Iyọ̀

Ẹ pa ọkọ̀ yín síbi igi kédárì tó wó yẹn.
Láti ibẹ̀, ẹsẹ̀ ló kù.
Ọ̀nà tó wà nínú fóònù yín,
òjò oṣù kẹrin ti gbé e lọ,
kò sì tíì dá a padà.

Èmi ni Ndiwa, ọmọ Yeko.
Orúkọ mi wà lára káàdì tó rọ̀ mọ́ mi lọ́rùn,
àmọ́ omi ti fọ àwòrán mi
títí ó fi jọ ti ẹlòmíràn.
Ẹ sanwó ní géètì, ẹ gba rìsíìtì.
Ẹ má ki owó bọ̀ mí lọ́wọ́ lábẹ́lẹ̀;
Cherop tó ń kọ̀wé níbẹ̀ máa ń ka orí èèyàn
bí ẹni ń ka àgùntàn lálẹ́:
iye tó wọlé ni iye tó gbọ́dọ̀ jáde.

Wákàtí kan àtààbọ̀ ni, tó bá jẹ́ èmi.
Tó bá jẹ́ ẹ̀yin, ẹ kà á sí mẹ́ta.
Afẹ́fẹ́ òkè Elgon fẹ́lẹ́,
ó máa ń já ọ̀rọ̀ gbà lẹ́nu aláròyé.
Ọkùnrin kan wá lọ́dún tó kọjá, ó wọ bàtà funfun,
ó ní òun ti gun òkè tó ga ju èyí lọ.
Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà la rí bàtà ẹsẹ̀ òsì nínú ẹrẹ̀.
Ọmọ Kirong gbin àlùbọ́sà sínú rẹ̀.
Ó hù dáadáa.

Ẹnu ihò rèé.
Omi tó ń já bọ́ níwájú rẹ̀, aṣọ ìkélé ni;
ẹ gba ọ̀tún, òkúta apá òsì ń yọ̀.
Ẹ tanná, kí ẹ dojú rẹ̀ kọlẹ̀.
Àjà tí ẹ ó rò pé ó dúdú, kì í ṣe àpáta,
àdán ni,
wọ́n so jọ̀wọ̀rọ̀ bí èso tẹ́nìkan ò gbọdọ̀ ká.
Ẹ fi ìbòmú bo imú.
Ẹ má fọwọ́ kan ògiri, kẹ́ ẹ wá fi kan ẹnu.
Dókítà ló sọ bẹ́ẹ̀. Ìyá mi ò sọ ọ́.

Inú ibẹ̀ ni wọ́n bí ìyá mi sí,
níbi tí èéfín ṣì lẹ̀ mọ́ àpáta,
láàárín màlúù mẹ́rìnlá àti ewúrẹ́ kan tó ń sín.
Nígbà tó kù díẹ̀ kó lọ, ó ní òun fẹ́ fojú kàn án.
Mo gbé e pọ̀n gòkè.
Ní géètì, Cherop bi í, ìwé ló ní kó bi í:
Ọmọ onílẹ̀ ni àbí àlejò?
Ìyá mi rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi dé.
Mo san owó ọmọ onílẹ̀.
Rìsíìtì yẹn ṣì wà lọ́wọ́ mi.

Ẹ ó rí ilà lára ògiri, ó jinlẹ̀, ó wọ́;
eyín erin ló fà á.
Lóru ni wọ́n máa ń wá lá iyọ̀,
wọ́n á máa fi ọwọ́ ìjà táṣẹ̀ wò bí afọ́jú,
ọmọ á máa tẹ̀lé ìdí ìyá.
Nígbà mìíràn, wọn kì í dúró dìgbà tí ilẹ̀ bá ṣú.
Bí ẹ bá gbọ́ èémí tí kì í ṣe tiyín,
ẹ paná, ẹ fẹ̀yìn ti àpáta, ẹ má sá.
Níta, ẹni tó bá ní àjànàkú kọjá, òun rí nǹkan fìrí,
irọ́ ló ń pa.
Nínú lọ́hùn-ún, fìrí náà lẹ ó rí.

Aago mẹ́rin, a ti gbọ́dọ̀ wà níta.
Ẹni tó bá fẹ́ tọ̀, kó yáa tọ̀ báyìí.
Inú ibẹ̀ yẹn, ilé èèyàn ni.